Àjọ Dára, Àmọ́ Òun Nìkan Kò Lè Gbé Òwò Ró



Tí ẹ bá dé Abbey Wood, ẹ ó rí òpópónà kan tó ń jẹ́ Owenite Street. Àwọn alájọṣe Royal Arsenal Co-operative Society ló kọ́ àdúgbò yẹn. Ní 1868, bí òṣìṣẹ́ 20 ní Royal Arsenal, níbi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà fún ìjọba ní Woolwich, dáwó jọ. Wọ́n ń ra oúnjẹ lọ́pọ̀, wọ́n sì ń tà á láti inú ilé ọ̀kan nínú wọn. Ibẹ̀ ló ti di ṣọ́ọ̀bù káàkiri.

Ẹ ó ní, ṣebí ẹ̀súsú náà nìyẹn? Ó jọ ọ́, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Tí oníkálukú bá ti kó àjọ tán, owó ti tú ká. Tiwọn, owó ń jókòó sínú òwò, ìwé ìṣirò wà, wọ́n sì ń pín èrè bí oníkálukú bá ṣe rajà tó.

Àǹtí kan tí mo mọ̀ kó àjọ, ó ra fíríísà ńlá. Ìrẹsì rẹ̀ kò ní àfiwé, ẹ jọ̀ọ́! Ilé iṣẹ́ kan pè é pé kó wá se oúnjẹ fáwọn, wọ́n ní kó mú àmì ìmọ́tótó rẹ̀ wá. Kò ní in. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbèsè àjọ sì wà nílẹ̀.

Ọ̀fẹ́ mà ni ìforúkọsílẹ̀ yẹn! Ẹni tó bá fẹ́ máa ta oúnjẹ, kódà láti kíṣìnnì ilé, gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù ní ọjọ́ 28, ó kéré tán, kó tó bẹ̀rẹ̀. Káńsù á wá yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n á fún un ní máàkì láti 0 dé 5. Tí owó tó ń wọlé bá sì ju £1,000 lọ lọ́dún, HMRC gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ìjọba náà ń yáni lówó. Start Up Loans, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, máa ń yáni ní £500 títí dé £25,000. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: orúkọ yín gan-an ni gbèsè yẹn wà, kì í ṣe orúkọ kọ́ńpìnnì. Wọ́n á béèrè ètò òwò tí ẹ kọ sílẹ̀. Àjọ ọdún mẹ́wàá tí ẹ dá láì yẹ̀, wọn ò lè rí i níbì kankan, nítorí náà ẹ máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Ó ku ohun kan tó ń da àwọn èèyàn wa láàmú. Káńsù méjì ló pín Thamesmead, Greenwich àti Bexley. Ẹ wo bíìlì council tax yín. Káńsù tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí rẹ̀ ni kí ẹ lọ bá.