Owó àti Ilé Tí Ẹ Ní Nílé: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Sọ fún Ìjọba Amẹ́ríkà

Ìwé ìlàlóye fún ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sọ pé, "Mo ti san owó-orí lórí owó tí mo fi ránṣẹ́ sílé. Kí ló tún kan ìjọba níbẹ̀?" Nǹkan méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ mọ́ra wọn. Sísan owó-orí wà lọ́tọ̀, sísọ ohun tí ẹ ní wà lọ́tọ̀. Ẹni tí kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀ lè san owó ìtanràn nítorí pé kò sọ.

TA LÓ KÀN?

Ó kan ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tó ní gíríìn káàdì, àti ẹni tí ọjọ́ tó lò ní Amẹ́ríkà pé iye tí òfin ń béèrè, ìyẹn ìṣirò ọjọ́ 183. Bí ẹ bá ti wà lára wọn, gbogbo owó tó ń wọlé fún yín ló gbọ́dọ̀ wọ ìwé owó-orí yín, ì báà jẹ́ Òṣogbo ló ti wá tàbí Kútọnu.

ÀKÁǸTÌ BÁŃKÌ: FỌ́Ọ̀MÙ FBAR

FinCEN Form 114 ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n FBAR ni wọ́n ń pè é. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1970 ló bí i. Bí owó inú gbogbo àkáǹtì yín lókè òkun, lápapọ̀, bá ju $10,000 lọ, kódà fún ọjọ́ kan péré láàárín ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ kún un.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ nọ́ọ̀sì kan ní Houston tó ń kọ́lé sí Ìkòròdú. Nígbà tó fẹ́ da dẹ́kìn ní oṣù Kẹta, owó inú àkáǹtì náírà rẹ̀ gòkè dé ₦6,000,000. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, sìmẹ́ǹtì, irin àti owó bíríkìlà ti gbé e lọ tán. Jálẹ̀ ọdún yẹn, $4,500 wà nínú àkáǹtì dọ́là rẹ̀ nílé. Ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ₦3,000,000 ní báńkì, òun ló sì ń bá ìyá fọwọ́ sí i. Ká ní ₦1,500 ni dọ́là kan:

• Àkáǹtì ilé kíkọ́: $4,000
• Àkáǹtì dọ́là: $4,500
• Àkáǹtì ìyá: $2,000
• Àpapọ̀: $10,500

Ó ti kọjá ààlà. Àkáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò kọ, títí kan ti ìyá rẹ̀ tí kì í ṣe owó tirẹ̀, nítorí pé ẹni tó lágbára láti fọwọ́ sí àkáǹtì wà lára àwọn tí òfin ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń fọwọ́ sí àkáǹtì ẹgbẹ́ nílé.

Iye tó ga jù lọ tó wà nínú àkáǹtì kọ̀ọ̀kan lọ́dún náà ni ẹ óò kọ. Iye tí Treasury Amẹ́ríkà bá kéde fún December 31 ni ẹ óò fi ṣẹ́ náírà sí dọ́là. Ẹ má lo iye tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó létí títì pè é.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kún un, ọ̀fẹ́ sì ni. April 15 ni gbèdéke rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ ní àyè títí di October 15 láìtọrọ ààyè.

FORM 8938

Òfin FATCA ti 2010 ló mú èyí wá. Ìwé owó-orí ni ẹ óò so ó mọ́. Fún àwọn tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ààlà iye owó tí ẹ ní lókè òkun nìyí:

• Ẹni tí kò ṣègbéyàwó: ju $50,000 lọ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, tàbí ju $75,000 lọ nígbàkigbà.
• Tọkọtaya tó jọ ń fi ìwé kan ṣọwọ́: ju $100,000 lọ, tàbí ju $150,000 lọ.

Ṣíà tí ẹ ní nínú kọ́ńpìnnì nílé wà lára ohun tí wọ́n ń kà. Ẹni tó kún Form 8938 kò bọ́ lọ́wọ́ FBAR.

ILÉ ÀTI ILẸ̀

Ilé tàbí ilẹ̀ tó wà lórúkọ yín gan-an kì í wọ FBAR, kì í sì í wọ Form 8938. Bí ó bá wà lórúkọ kọ́ńpìnnì, ìpín yín nínú kọ́ńpìnnì náà lè wọ Form 8938.

Owó ilé tí ayálégbé ń san ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Kódà bí ejẹ́ǹtì bá gba owó náà tó gbé e fún àbúrò yín láti fi san owó ilé-ìwé, tiyín ni lójú òfin. Schedule E ni ẹ óò kọ ọ́ sí, ẹ sì lè yọ owó àtúnṣe àti owó ejẹ́ǹtì kúrò. Bí ẹ bá ta ilé, ẹ óò sọ èrè orí rẹ̀ náà.

Kò sí àdéhùn owó-orí láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n owó-orí tí ẹ bá ti san nílé lórí owó tó wọlé lè dín ti Amẹ́ríkà kù, nípasẹ̀ Form 1116. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

OGÚN ÀTI Ẹ̀BÙN

Bí ẹ bá jogún ẹnì kan tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà, tàbí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún yín ní ẹ̀bùn, tí iye rẹ̀ sì ju $100,000 lọ lọ́dún kan, ẹ kún Form 3520. Wọn kò ní gba owó-orí lórí ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ìtanràn àìsọ lè dé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀.

BÍ Ẹ KÒ BÁ TÍÌ SỌ RÍ ŃKỌ́?

Ní 2023, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ Alexandru Bittner, ọmọ Ròmáníà tó di ọmọ Amẹ́ríkà. Ìjọba ní kó san $2.72 mílíọ̀nù lórí àkáǹtì 272 tí kò sọ láàárín ọdún márùn-ún. Ilé-ẹjọ́ ní fún ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀, iye ìwé FBAR tí kò fi ṣọwọ́ ni wọ́n á kà, kì í ṣe iye àkáǹtì: ó di $50,000. Ti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gba ìdajì owó inú àkáǹtì.

IRS, ilé-iṣẹ́ owó-orí Amẹ́ríkà, ní ọ̀nà àtúnṣe fún ẹni tó ṣàṣìṣe láìmọ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Streamlined. Ẹni tí IRS ti bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀wé rẹ̀ wò kò lè gba ọ̀nà yẹn mọ́.

Nítorí náà, ẹ béèrè sítétímẹ́ǹtì lọ́wọ́ gbogbo báńkì yín nílé, ẹ gba àkọsílẹ̀ owó ilé lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì, kí ẹ sì tọ́jú ìwé FBAR fún ọdún márùn-ún. Ẹ kó wọn lọ bá akáńtáǹtì tó mọ FBAR dáadáa. Ẹ má dúró de lẹ́tà IRS.