Ìṣirò Ọjọ́ Ọjà Ọrọọrún gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ Iterator Aláṣopọ̀

1. Ìfáàrà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni bí ẹni tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe lè fúnra rẹ̀ dá iterator, kí ó sì so oríṣiríṣi iṣẹ́ ìyípadà mọ́ ọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Iterator ni ohun tí a ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń fúnni ní èyí tí ó kàn, tí ó sì ń rántí ibi tí ó bá iṣẹ́ dé. Èrò náà ti pẹ́. Barbara Liskov àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT ti fi í sínú èdè CLU láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ìwé Design Patterns tí Gamma, Helm, Johnson àti Vlissides kọ ní 1994 sọ ọ́ di ìlànà tí ọ̀pọ̀ mọ̀. Èdè Java sì fi Stream gba irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé ní 2014.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni ọjọ́ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé àgbẹ̀ kan ní Ajibode, ìletò tí ó wà lẹ́yìn Yunifásítì Ìbàdàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, fẹ́ mọ ọjọ́ Sátidé mẹ́ta àkọ́kọ́ tí yóò bọ́ sí ọjọ́ ọjà ọrọọrún kan, nítorí pé ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń ráàyè wá ra gààrí.

2. Ìkà ọjọ́ láàárín Yorùbá

Ọjọ́ 4 ni ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti orí ọjọ́ tí a wà gan-an ni Yorùbá ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà. Ìdí nìyí tí ọjà tí ó ń padà lẹ́yìn ọjọ́ 4 fi ń jẹ́ ọjà ọrọọrún, tí èyí tí ó ń padà lẹ́yìn ọjọ́ 8 fi ń jẹ́ ọjà ìsán, tí ìtàdógún sì fi jẹ́ ìgbà tí ọjọ́ 16 bá kọjá. Bí ẹni tí ń kọ ètò bá gbọ́ ọrún, tí ó sì fi 5 ṣe ìpín, àgbẹ̀ tí ó gbára lé ètò náà yóò ru ẹrù rẹ̀ dé ọjà tí kò ná.

3. Ìgbékalẹ̀ kíláàsì náà

Kíláàsì ìpìlẹ̀, Ojo, ní ohun kan ṣoṣo tí ó ń rántí: nọ́ńbà ọjọ́ tí ó kàn. Nígbàkígbà tí a bá pe next, yóò dá nọ́ńbà náà padà, yóò sì fi 1 kún un. Kò ní òpin, bẹ́ẹ̀ ni kò kó ọjọ́ kankan jọ.

Kíláàsì filter ní ohun méjì: iterator tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, àti ìbéèrè kan. Bí a bá pe next rẹ̀, yóò máa pe next ti ìsàlẹ̀ títí ọjọ́ tí ó bá ìbéèrè mu yóò fi dé. Kíláàsì map ń gba ọjọ́ kan, ó sì ń sọ ọ́ di ohun mìíràn, bí i déètì. Take ń ka iye tí a fún un, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dá iterator tuntun padà, a lè so wọ́n báyìí:

Ojo(0).filter(oja).filter(satide).map(deeti).take(3)

Nígbà tí a kọ ìlà yìí tán, iṣẹ́ kankan kò tíì ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí a bá béèrè fún èsì àkọ́kọ́ ni ìbéèrè yóò sọ̀ kalẹ̀ láti take títí dé Ojo. Bí ọjọ́ 0 bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, tí ó sì bọ́ sí Mọ́ńdè, ọjọ́ 12, 40 àti 68 ni èsì, nítorí pé 4 àti 7 ń pàdé lẹ́yìn ọjọ́ 28. Ẹni tí ó fi 5 pín yóò rí 5, 40 àti 75: ti àárín nìkan ni ó bọ́ sí i, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sì ṣòro láti fura sí.

4. Ipò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà

Ipò ń yí èsì padà. Bí take(3) bá ṣáájú filter méjèèjì, ọjọ́ 0, 1 àti 2 nìkan ni a ó yẹ̀ wò, èsì yóò sì ṣófo. Ipò tún ń yí iye iṣẹ́ padà. Nínú ìlà òkè yìí, ọjọ́ 69 ni Ojo mú wá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni map ṣiṣẹ́. Bí ó bá ṣáájú filter, ìgbà 69 ni yóò ṣe é.

5. Ewu méjì

Èkíní ni ìbéèrè tí kò lè rí ìdáhùn. B. W. Hodder àti U. I. Ukwu, nínú ìwé wọn lórí ọjà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó jáde ní 1969, ṣàlàyé bí àwọn ọjà tí ó wà nítòsí ara wọn ṣe ń pín ọjọ́ ná. Bí a bá wá ọjọ́ tí irú ọjà ọrọọrún méjì bẹ́ẹ̀ yóò pàdé, wọn kò ní pàdé láé, take(3) yóò sì máa dúró láìlópin. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi take(365) sí ìdí Ojo, kí ìwákiri má kọjá ọdún kan.

Èkejì ni pé iterator kì í padà sẹ́yìn. Bí a bá tún kọ́ ìsopọ̀ mìíràn lé Ojo kan náà lórí, láti ọjọ́ 69 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí a dá Ojo tuntun fún ìbéèrè tuntun.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ìlànà méjì ni ó jáde. Òpin ìwákiri ní ìsàlẹ̀ ìsopọ̀ ni ó yẹ kí ó wà, òpin èsì sì ní òkè. Èkejì ni pé ìsopọ̀, bí ó ti wù kí ó gún tó, kò lè tún ìbéèrè tí a gbé kalẹ̀ lódì ṣe. Bí wọ́n ṣe ń ka ọrún ní Ajibode ni ó yẹ kí ẹni tí ń kọ ètò kọ́kọ́ mọ̀, kí ó tó kọ filter rẹ̀.