Alárinà tí Ń Wẹ Èéfín Mọ́

Àwọn àgbà fi ìwà wé èéfín, nítorí pé bí ó ti wù kí a bò ó tó, rírú ni yóò rú jáde. Ṣùgbọ́n èéfín mìíràn ń bẹ tí ojú kì í rí. Ó ń ti inú ọ̀dà tútù jáde, ó ń ti inú yíǹkì ilé ìtẹ̀wé jáde, ó sì ń bá bẹntiróòlù tí kò jóná tán gba ẹnu sàlẹ́ńsà ọkọ̀ jáde. Imú a gbọ́ òórùn rẹ̀, orí a máa fọ́ni. Lẹ́yìn náà atẹ́gùn a gbé e lọ, àwọn ènìyàn a sì rò pé ó ti parí. Kò tí ì parí. Nígbà tí oòrùn bá mú, afẹ́fẹ́ olóòórùn yìí a máa dàpọ̀ mọ́ èéfín ọkọ̀ lójú sánmà, a sì di májèlé tí ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára, tí ó sì ń ba ewé irúgbìn jẹ́. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan àgbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ará ìlú ńlá.

Ohun kan tí a fi ń wẹ irú èéfín bẹ́ẹ̀ mọ́ ni èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kátálísì. Iṣẹ́ rẹ̀ dàbí iṣẹ́ alárinà. Alárinà ni í mú ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin mọ ara wọn, tí í gbé ọ̀rọ̀ lọ tí í sì gbé e bọ̀ títí ìyàwó yóò fi wọlé ọkọ. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í bá wọn gbé. Bí a bá gbé ìyàwó náà tán, ó lè ṣe alárinà fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kátálísì: ojú ara rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olóòórùn ti ń pàdé ọ́síjìn, àwọn méjèèjì a jó pọ̀ láìsí ọwọ́ iná, wọn a sì di oru omi àti irú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí síta. Kátálísì kò sì tán.

Ní 1817 ni Humphry Davy, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe fìtílà àwọn awakùsà, rí i pé bí a bá ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ pùlátínọ́mù gbígbóná bọ inú afẹ́fẹ́ èédú tí ó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ lásán, yóò máa pọ́n bí ẹyin iná, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọwọ́ iná níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Eugène Houdry, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ṣe irú èyí tí ó yẹ fún èéfín ilé iṣẹ́ àti ti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n òjé tí a ń pò mọ́ bẹntiróòlù nígbà náà a máa pa kátálísì. Ìgbà tí a pèsè epo aláìlójèé fún àwọn ọkọ̀ 1975 ní Amẹ́ríkà ni ó tó tàn kálẹ̀. Ní ti Áfíríkà, a ṣe ìpinnu ní Dakar ní 2001, nígbà tí 2006 sì fi wọlé, àwọn ilẹ̀ tí ó wà ní gúúsù Sàhárà ti pa epo olójèé tì.

Ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà tàbí ti ìtẹ̀wé, bí a bá fẹ́ fi iná nìkan sun afẹ́fẹ́ olóòórùn, ooru rẹ̀ ní láti tó ìwọ̀n 700 sí 800 ti Celsius, bẹ́ẹ̀ ni omi a máa hó ní 100. Bí kátálísì bá wà, 300 sí 400 a máa tó, epo tí a ń sun a sì dín kù. Síbẹ̀ ó ní ọ̀tá: òjé, imí ọjọ́ àti eruku. Bí ìwọ̀nyí bá bo ojú rẹ̀, alárinà di odi.

Ní Mọ́níyà, ní Ìyànà Ọ̀fà, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Akànràn, èyí tí ó súnmọ́ àwọn ènìyàn jù ni èyí tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ tòkunbọ̀. Agolo irin ni, láàárín ẹ́ńjìnì àti sàlẹ́ńsà. Inú rẹ̀ dàbí afárá oyin, a sì fi pùlátínọ́mù àti irin iyebíye mìíràn pa á lójú. Nítorí irin wọ̀nyí ni àwọn oníṣòwò ṣe ń rà á. A ó sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kò wúlò, òun a sì tà á. Owó náà a tán. Ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀ ni ọkọ̀ náà yóò máa tú májèlé sí ọmọ tí ń kiri ní ibùdókọ̀ àti ìyá tí ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá títì. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2011, tí ó wà lábẹ́ àjọ NESREA, ti fi òdiwọ̀n sí èéfín ọkọ̀.

Èéfín ilé ìdáná pẹ̀lú kì í ṣe ohun kékeré. Ní Ìbàdàn, àwọn oníṣègùn ṣe àyẹ̀wò aboyún 324. Wọ́n fún ìdajì wọn ní ààrò tí ń lo ẹtánọ́ọ̀lù, ìdajì yòókù sì ń lo igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ. Àbájáde tí a tẹ̀ ní 2017 fi hàn pé nígbà àyẹ̀wò ìkẹyìn, ìwọ̀n 6.4 nínú 100 àwọn tí ó wà nídìí ààrò àtijọ́ ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n 1.9 péré nínú àwọn ti ẹtánọ́ọ̀lù. Èéfín tí a kò dá sílẹ̀ sàn ju èyí tí a ń wẹ̀.

Nítorí náà:

1. Kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ má ṣe ta kátálísì rẹ̀, kí ó sì tètè tún ẹ́ńjìnì tí ń jó òróró ṣe, nítorí òun ni í bà á jẹ́.

2. Ní ìgbà ọyẹ́, kí a má ṣe dá ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn dúró lórí koríko gbígbẹ. Kátálísì a máa gbóná tó láti dáná sun oko.

3. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, kí a má sì ṣe tàn án nínú ilé láé.

4. Kí igi ìdáná gbẹ dáadáa, kí ilé ìdáná sì ní ojú afẹ́fẹ́.

5. Kí a dé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù àti agolo ọ̀dà pinpin.

Afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà oko. Èyí tí ẹnìkan bà jẹ́, ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ni yóò mí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn aládùúgbò rẹ̀ bí ara rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu sàlẹ́ńsà ọkọ̀ tirẹ̀.