Ìjọ Mọ́mọ́nì: èwo ni òótọ́ nínú ohun tí wọ́n ń sọ nípa wọn?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan pè wá sórí ètò àárọ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ti kúrò nínú ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n bí i sí, ó ti di Mọ́mọ́nì, ó sì fẹ́ gbéyàwó níbẹ̀. Kí ìyá yìí tó sọ̀rọ̀ tán làwọn olùgbọ́ mìíràn ti ń pè. Ẹnì kan ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n. Òmíràn ní ìjọ oníyàwó púpọ̀ ni. Ẹlòmíì ní wọn ò ka èèyàn dúdú sí èèyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ náà pè láti dáhùn, àmọ́ inú tó ń bí i ò jẹ́ kó lè ṣàlàyé. "Irọ́ ni, irọ́ ni" ló ń wí ṣáá, títí àkókò ètò fi tán.

Mo wá lọ kàwé nípa rẹ̀. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ yìí, mi ò sì fẹ́ polówó wọn. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tó pè wá bú wọn ò jẹ̀bi tán, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn náà ò sì jàre tán.

Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an ni Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn. Joseph Smith ló dá a sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1830. Ó ní òun wọ inú igbó lọ gbàdúrà nígbà tóun wà lọ́mọ ọdún 14, òun sì rí ìran. Lẹ́yìn náà ló gbé Ìwé ti Mọ́mọ́nì jáde, ó ní ara àwo wúrà lòun ti túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn Oshoffa, káfíńtà Àjàṣẹ́ tó wọ igbó lọ́dún 1947 tó sì ti ibẹ̀ dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀, irú ìtàn báyìí ò ní ṣàjèjì sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó kàn wá jù, ọ̀rọ̀ èèyàn dúdú. Òótọ́ ni. Lọ́dún 1852, Brigham Young tó rọ́pò Smith kéde pé ọkùnrin dúdú ò lè gba oyè àlùfáà. Bẹ́ẹ̀ Elijah Abel, ọkùnrin dúdú kan, ti gba oyè náà lọ́dún 1836 nígbà ayé Smith. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Nínú ìjọ yẹn, wọn kì í sanwó oṣù fún pásítọ̀ ìjọ. Àwọn ọkùnrin inú ìjọ fúnra wọn ló ń gba oyè tí wọ́n sì ń darí. Ká ní wọ́n dá ìjọ sílẹ̀ ní Kàbà láyé ọjọ́ún, kò sí ọmọ Kàbà tó máa lè ri èèyàn bọmi níbẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló kọ́kọ́ wá wọn. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 làwọn kan ní ìhà ìlà-oòrùn ti ń kọ lẹ́tà sí Salt Lake City pé kí wọ́n wá. Lọ́dún 1961, wọ́n rán LaMar Williams wá wo bí nǹkan ṣe rí. Nígbà tó di 1963, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tó wà ní California kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn Nigerian Outlook ní Enugu, ó tú àṣírí òfin náà fún aráàlú. Ìjọba ò fún àwọn míṣọ́nnárì wọn ní físà láti wá jókòó mọ́. Ogun abẹ́lé tún dé lẹ́yìn ìyẹn.

Ṣé irọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn pa? Rárá o. Kò sì sí àlàyé kankan tí ìjọ náà lè ṣe tó máa pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́. Ìgbà tí wọ́n fagi lé òfin náà, ní oṣù kẹfà ọdún 1978, lọ̀nà tó là. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n ri Anthony Obinna bọmi ní ilẹ̀ Mbaise pẹ̀lú àwọn méjìdínlógún mìíràn, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sì fi í ṣe olórí ìjọ tuntun ọ̀hún. Lónìí wọ́n ju 200,000 lọ ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2013, ìjọ náà gbé ìwé jáde pé àwọn ti kọ ẹ̀kọ́ àtijọ́ tó sọ pé àmì ègún ni awọ dúdú. Àmọ́ ẹ wá inú ìwé náà títí, ẹ ò ní rí "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú" níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá ṣì ń bi wọ́n léèrè nípa ìyẹn kò ṣe àṣejù.

Ti oníyàwó púpọ̀ ńkọ́? Ó ti rí bẹ́ẹ̀ rí. Ìjọ náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lọ́dún 2014 pé Joseph Smith fẹ́ obìnrin púpọ̀, pé àwọn òǹkọ̀tàn ń kà wọ́n sí 30 sí 40, àti pé ọ̀kan nínú wọn ò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1890 ni ààrẹ wọn, Wilford Woodruff, ti kéde pé kí wọ́n jáwọ́. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó kejì, lílé ni wọ́n ń lé e. Nílẹ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ bàbá wa tí wọ́n ní ìyàwó méjì mẹ́ta nílé, wọn ò ní rì wọ́n bọmi. Nítorí náà, ẹni tó bá ní torí obìnrin lọmọ yẹn ṣe lọ, kò mọ ibi tó lọ.

Ẹgbẹ́ òkùnkùn? Ibi tí èyí ti wá ni tẹ́mpìlì. Wọ́n ní ọ̀kan ní Aba, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2005. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, wọ́n ṣí i sílẹ̀ kí aráàlú wá wò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ìjọ tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló ń wọlé, wọn kì í sì í sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ síta. Joseph Smith tún wọ ẹgbẹ́ Freemason lọ́dún 1842, ìyẹn náà wà lákọsílẹ̀. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń dún létí wa. Àmọ́ ìsìn ọjọ́ Sunday wọn, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé jókòó.

Ẹnì kan tún béèrè bóyá Kristẹni ni wọ́n. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ wọn ò gba Mẹ́talọ́kan bí àwọn ìjọ wa ṣe gbà á. Nítorí ìyẹn ni Róòmù ṣe sọ lọ́dún 2001 pé ìrìbọmi wọn kò dúró. Àwọn náà kò sì ka ti Kátólíìkì sí, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n ri ọmọ ìyá yìí bọmi.

Ìbéèrè tí ìyá náà bi wá gan-an, kí ariwo tó gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, ni pé ṣé òun máa fojú rí ìgbéyàwó ọmọ òun. Mo pè é padà. Mo ní: Màámi, ti inú tẹ́mpìlì, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2019, ìjọ náà ti gbà kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó tí gbogbo ẹbí lè wá, kí ọkọ àti ìyàwó sì lọ ṣe ti tẹ́mpìlì lẹ́yìn rẹ̀ láìdúró ọdún kan bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìdána nílé àwọn ìyàwó, kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró níbẹ̀.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n tún ọdún yẹn pè, òun fẹ́ fi bi ọmọ òun.