Bí A Bá Ń Lọ Bá Oníṣègùn Ọkàn fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Kabawa àti ní gbogbo Lọ́kọ́ja, kò sí ẹni tí yóò ṣe àlàyé omi ọdún 2012 fún wa, a kò sì tíì gbàgbé ti ọdún 2022. Odò Ọya wọ ilé wa, ó ba ẹrù wa jẹ́, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Àwọn kan nínú wa kò tíì padà sí àyè tiwọn. Bí òjò bá ti ṣú, wọn yóò jókòó ti fèrèsé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A ń sọ fún wọn pé kí wọn ṣe ọkàn gírí. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n kì í mú oorun wá.

Oníṣègùn wà fún irú èyí, ọ̀rọ̀ sísọ sì jẹ́ apá kan nínú ìwòsàn rẹ̀. Orúkọ Arò ni ó ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 1954, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kò ti gbogbo aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sí abúlé tí ó wà nítòsí, ẹbí wọn kan a bá wọn gbé, a máa se oúnjẹ fún wọn, wọn a sì wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án.

Kí ni kí ẹni tí ń lọ máa retí? Yóò kọ́kọ́ gba káàdì. (Èmi akọ̀wé rélùwéè mọ̀ pé kò sí ibi tí a ń lọ láìsí ìwé.) Kí ó béèrè iye owó, kí ó sì béèrè ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá bí ó bá wà. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè yóò pọ̀: ó ha ń sùn? Ó ha ń jẹun? Ó ha ń mu ọtí? Ó ha ti rò ó rí láti pa ara rẹ̀? Èyí tí ó kẹ́yìn yìí a máa bí àwọn àgbà nínú. Kì í ṣe èpè. Bíbéèrè rẹ̀ kì í fi èrò náà sí ọkàn ẹni tí kò ní in. Ẹni tí ó bá ní in, kí ó má fi pamọ́.

Oníṣègùn náà kì í ṣe aríran, kì í sì í ṣe olórí ẹbí tí yóò dá ẹjọ́. Yóò gbọ́ ju bí yóò ti sọ lọ. Àṣírí ni ọ̀rọ̀ náà, àfi bí ẹ̀mí ẹnìkan bá wà nínú ewu.

Ọjọ́ kan kò tó. Ìjókòó kan a máa tó bí wákàtí kan, nígbà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún oṣù mélòó kan. Ọkùnrin pàápàá a máa sunkún níbẹ̀. Ẹlòmíràn a sì délé ní ọjọ́ kìíní kí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ wúwo ju bí ó ti lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá. Kí ó padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. A lè fún un ní iṣẹ́ ṣe nílé, bíi kí ó máa kọ àkókò tí ó sùn sílẹ̀. Bí dókítà bá kọ oògùn, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Bí oníṣègùn náà kò bá sì bá a lára mu, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ó béèrè ẹlòmíràn.

Ọsibítù ìjọba tí ó súnmọ́ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ibẹ̀ ni yóò darí ẹni. Ẹni tí kò bá fẹ́ dá lọ, kí ó mú ẹnìkan dání, kí onítọ̀hún dúró dè é ní ìta.