Télọ̀ Bàrúwà, Owó Orí àti Káàdì Ìlera

Òfin owó orí tuntun ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lọ́rùn jù. Ọ̀gá ni ó ń yọ owó orí òṣìṣẹ́ olówó oṣù kí owó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bàrúwà, lápá Ìpájà, kò ní ọ̀gá. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣírò ohun tó wọlé, tí yóò sì kọ ọ́ fún LIRS, iléeṣẹ́ owó orí Ìpínlẹ̀ Èkó, kí oṣù Kẹta ọdọọdún tó parí. Tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn káńsù ń já fún oníṣọ́ọ̀bù kò sí lára èyí. Ti ṣọ́ọ̀bù ni ti káńsù, ti èrè ni ti LIRS.

Nínú èrè ọdún kan, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn ń san ìdá 18, ó sì ń gòkè títí dé ìdá 25 fún ohun tó bá ju ₦50,000,000 lọ. Ìyọ̀ǹda tí gbogbo ènìyàn ń jẹ tẹ́lẹ̀ láìfi ìwé kankan hàn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Owó ilé ló rọ́pò rẹ̀: ìdá kan nínú márùn-ún owó tí ènìyàn fi gba ilé tó ń gbé, kò sì gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ.

Ká ní télọ̀ kan gba ₦4,000,000 lọ́wọ́ oníbàárà lọ́dún, tó ná ₦1,500,000 sórí òwú, iná, epo jẹnẹrétọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọmọṣẹ́, tí owó ilé tó ń gbé sì jẹ́ ₦400,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦2,500,000. Yọ ₦80,000 nítorí owó ilé, yọ ₦800,000 tí kò ní owó orí, ó ku ₦1,620,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦243,000. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ì bá san ₦266,000. Ìdẹ̀rùn náà kò tó ariwo tí wọ́n pa lé e lórí. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní rìsíìtì fún ₦1,500,000 tó ná, tí wọ́n sì ka gbogbo ₦4,000,000 sí èrè, gbèsè náà fò di ₦495,600. Ìwé pélébé tí wọ́n ń sọ nù nígbà tí wọ́n bá ra òwú tán ti di owó. Onílé tí kì í kọ rìsíìtì náà ń pa ayálégbé rẹ̀ lára.

Ẹni tí èrè rẹ̀ kò tó ₦800,000 kò ní san kọ́bọ̀, síbẹ̀ yóò kọ ìwé. Ìtanràn ẹni tí kò kọ ọ́ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e.

Ní ti ìlera, òfin NHIA, àjọ adójútòfò ìlera orílẹ̀-èdè, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2015. Ètò Ìlera Èkó, lábẹ́ àjọ LASHMA, ló ti inú rẹ̀ jáde, Gómìnà Sanwó-Olú sì pàṣẹ ní oṣù Keje ọdún 2024 pé kí olúkúlùkù forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ₦8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún, tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin ń san ₦40,000. Dandan náà kò tíì le lójú oníṣẹ́ ọwọ́, nítorí kò sí ẹni tó ń yọ ọ́ lára owó rẹ̀. Ibi tó ti ń ká wọn mọ́ ni kọngílá: láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ rẹ̀ mú ìwé ẹ̀rí adójútòfò ìlera wá.

Ìdí tí káàdì adójútòfò ìlera fi wúlò kò jìnnà sí Bàrúwà. Epo tó ń jò láti inú páìpù ìjọba ti ba omi kànga àdúgbò náà jẹ́ láti àwọn ọdún 1990, gáàsì sì bú gbàmù níbẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ó jó ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Oníṣọ́ọ̀bù tí kò ní káàdì, owó òwò ló ń kó lọ sí ọsibítù.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, ìyẹn kò pọn dandan. Òfin ọdún 2014 ló ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún oníṣẹ́ àdáni, wọ́n sì dá ètò tiwọn sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2019. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà wà fún ìgbà tí nǹkan bá le, ìdá 60 sì wà fún ọjọ́ ogbó. Owó tí wọ́n bá dá sínú ètò yìí, àti èyí tí wọ́n bá san sínú ètò adójútòfò ìlera orílẹ̀-èdè, ni òfin tuntun gbà kí wọ́n yọ kúrò lára èrè kí wọ́n tó ṣírò owó orí.