Àtúntò Kì í Ṣe Ìparẹ́: Ọ̀rọ̀ lórí Ìrántí Ẹ̀rọ Ayò Alátẹ́lẹwọ́

Ẹyin ni ohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Bí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ kò bá ṣe déédéé ohun tí ó dúró fún, ẹni tí ó gbà á gbọ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Àpẹẹrẹ èyí ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, format, tí a lè fẹ́ sáré túmọ̀ sí ‘ìparẹ́’. Nintendo 3DS, ẹ̀rọ ayò alátẹ́lẹwọ́ tí a kọ́kọ́ tà ní Jàpáànù ní oṣù Kejì ọdún 2011, ni àlàyé yìí dá lé. Àwọn kan ti yí tiwọn padà kí ó lè gba ètò tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. ‘Ẹ̀rọ àyípadà’ ni ó yẹ kí irú èyí máa jẹ́, kì í ṣe ‘ẹ̀rọ àtúnṣe’, nítorí ohun tí ó bàjẹ́ ni à ń tún ṣe.

1. Àtúntò káàdì

Orí káàdì SD ni ẹ̀rọ yìí ń kó àwọn ayò àti ètò sí. Ìlànà FAT32 ni ó gbọ́. Káàdì tí ó bá sì ju 32GB lọ sábà máa ń bá ìlànà exFAT wá, èyí tí ẹ̀rọ náà kò lè kà. Ìdí nìyí tí a fi ní láti tún káàdì bẹ́ẹ̀ tò.

Káàdì dà bí oko tí a là sí wẹ́wẹ́, tí ìwé atọ́ka kan sì ń sọ fáìlì tí ó ni ibi kọ̀ọ̀kan. Nínú àtúntò oníkíá, ìwé atọ́ka yìí ni a ń sọ di òfìfo. Àwọn fáìlì ṣì wà níbi tí wọ́n wà, títí fáìlì mìíràn yóò fi gba ipò wọn. Nítorí náà, ‘ìparẹ́’ kò bá a mu. Gírámà pàápàá jẹ́rìí sí i: ‘tún káàdì tò’ yé ni yékéyéké, ṣùgbọ́n ‘pa káàdì rẹ́’ yóò túmọ̀ sí pé káàdì fúnra rẹ̀ kò sí mọ́.

2. Ìdápadà-sípìlẹ̀ ẹ̀rọ

Ọ̀tọ̀ ni èyí tí a ń ṣe láti inú ẹ̀rọ gan-an, bí Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ń fi orúkọ kan náà pe méjèèjì. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan wà nínú ìrántí ẹ̀rọ, nínú fáìlì tí ó ń jẹ́ movable.sed. Òun ni a fi ti àwọn ohun tí ó wà nínú àpò Nintendo 3DS lórí káàdì. Láti ara rẹ̀ sì ni orúkọ alámì 32 tí àpò inú rẹ̀ ń jẹ́ ti wá. Bí a bá dá ẹ̀rọ padà sípìlẹ̀, yóò ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun. Àpò tuntun yóò yọ. Bí ti àtijọ́ bá tilẹ̀ ṣì wà lórí káàdì, ẹ̀rọ kò ní lè ṣí i. Àgbàdo ń bẹ nínú àká, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ti sọnù.

3. Ìpamọ́

Fún àtúntò káàdì, kí a pa ẹ̀rọ, kí a yọ káàdì, kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, títí kan fáìlì boot.firm tí ẹ̀rọ àyípadà fi ń jí. Kí a ka iye fáìlì ní ìhà méjèèjì, kí wọ́n dọ́gba, kí a tó tún káàdì tò sí FAT32. Lẹ́yìn náà ni kí a kó wọn padà. Níwọ̀n bí kọ́kọ́rọ́ inú ẹ̀rọ kò ti yí, gbogbo rẹ̀ yóò ṣí.

Fún ìdápadà-sípìlẹ̀, ẹ̀dà káàdì nìkan kò tó. Ètò Checkpoint ni a ó fi yọ ibi tí a ta ayò dé sínú fáìlì tí a kò tì. GodMode9 ni a ó fi ṣe ẹ̀dà ìrántí ẹ̀rọ, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ pẹ̀lú. Kí a gbé méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó hàn gbangba pé ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá nílò níhìn-ín: ‘àtúntò’ fún káàdì, ‘ìdápadà-sípìlẹ̀’ fún ẹ̀rọ. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó tún káàdì rẹ̀ tò kò ní ṣèèṣì dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà sípìlẹ̀, kí ayò tí ó fi ọdún púpọ̀ ta tó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́.